Kì Í Ṣe Títóbi Òòfà Nìkan

Lọ́jọ́ tí a gbé àkọlé pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá wa síwájú àwọn olùkọ́, tèmi dá lórí bí a ṣe lè fi parahydrogen mú kí àmì tí à ń gbà lára àwọn mọ́líkù inú ara túbọ̀ lágbára. Olùkọ́ tó jókòó sáàárín ka àkọlé náà, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí, ta ló máa ra ẹ̀rọ rẹ̀ fún ọ?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé àkọlé mìíràn wá, èyí tó dá lórí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn. Òun ni mo sì ṣe tí mo fi gba máàkì.

Mi ò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ náà ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó há sójú ọ̀nà nítorí pé ẹ̀rọ tó gbẹ́kẹ̀ lé kò dé. Àánú ló ṣe é tó fi béèrè. Ṣùgbọ́n mo ti ń ro ìbéèrè náà láti ìgbà yẹn, mo sì ti wá gbà pé kì í ṣe ìbéèrè tó yẹ kó pa iṣẹ́ náà. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níbí kò ju ẹyọ kan lọ: nínú gbogbo ọ̀nà tí àwòrán ìṣègùn ń gbà lọ síwájú, èyí ni ibi tí ẹni tí kò ní òòfà ńlá ti lè kópa gidi. Bí ẹ̀ka wa bá sì dúró dìgbà tí owó bá dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ọkọ̀ á ti lọ kí a tó dé gáréèjì.

Kí ni MRI ń rí gan-an?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ìṣirò tí gbogbo wa ti ṣe nínú kíláàsì. Kóró tó wà láàárín átọ̀mù háídírójìn dà bí òòfà kékeré. Bí a bá gbé e sínú òòfà ńlá, ó lè kọjú síbi tí òòfà ńlá náà kọjú sí, ó sì lè kọ ẹ̀yìn sí i. Òòfà ńlá fẹ́ kí gbogbo wọn kọjú síbì kan, ṣùgbọ́n ooru ara kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ràn. Ẹ mú òòfà 3 tesla, irú èyí tó wà láwọn ilé ìwòsàn ńlá lágbàáyé, kí ẹ ṣe ìṣirò náà ní ìwọ̀n ooru ara ènìyàn. Nínú mílíọ̀nù kan kóró háídírójìn, àwọn tó kọjú síbì kan fi nǹkan bíi 10 péré ju àwọn tó kọ ẹ̀yìn lọ. Àwọn tó kù ń pa àmì ara wọn rẹ́. Inú àṣẹ́kù mẹ́wàá yẹn ni gbogbo àwòrán MRI tí ẹ ti rí rí ti jáde wá.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé omi àti ọ̀rá pọ̀ lára wa púpọ̀. Àwọn mọ́líkù tó ń ṣe iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún jù wọ́n lọ. Bí a bá sì fẹ́ gbọ́ ohùn kábọ́ọ̀nù wọn, ìṣòro á tún lé kan. Kábọ́ọ̀nù-12, tó pọ̀ jù, kò ní àmì kankan. Kábọ́ọ̀nù-13 ló ní, òun kò sì ju nǹkan bíi 1.1 nínú 100 lọ. Nínú òòfà 3 tesla yẹn kan náà, àṣẹ́kù tirẹ̀ jẹ́ 2.5 nínú mílíọ̀nù kan.

Ìdí nìyí tí MRI fi lè fi ibi tí kókó wà hàn wá, tó sì lè wọn bó ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n tí kò lè tètè sọ ohun tí kókó náà ń jẹ àti ohun tó ń sọ oúnjẹ náà dà.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn nílé wa

Ní ìdílé mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìbàdàn, ní jẹjẹrẹ pírósítéètì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, owó oògùn ń jáde lóṣooṣù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ẹbí sì ń bi ara wọn: ṣé oògùn náà ń ṣiṣẹ́? Dókítà dáhùn dáadáa pẹ̀lú sùúrù. Ó ní kí a lo oògùn náà fún oṣù mẹ́ta, kí a tún àyẹ̀wò PSA ṣe, ká wá wo ibi tó bá já sí. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ìdáhùn yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbi púpọ̀ lágbàáyé. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta gùn fún ẹni tó ń san owó, ó sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń ṣàìsàn.

Irú ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe lè fi kún àmì mọ́líkù. Kókó lè pẹ́ kó tó kéré. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì lára, bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń jẹun lè yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kódà láàárín wákàtí díẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́, ti olówó

Ní ọdún 1953, Albert Overhauser sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ àgbà nínú ìmọ̀ físíìsì kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní ènìyàn lè gba ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó wà lára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, kó sì gbé e fún kóró átọ̀mù. Lọ́dún kan náà, Carver àti Slichter fi irin lithium hàn pé òótọ́ ló sọ. Òòfà ara ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi bíi ìlọ́po 660 lágbára ju ti kóró háídírójìn lọ, nítorí náà ó rọrùn láti mú kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbọ́ràn. Bí òtútù bá pọ̀ tó, ó lè ju 90 nínú 100 lọ tí yóò kọjú síbì kan.

Ó gbà tó àádọ́ta ọdún kí ẹ̀kọ́ yìí tó dé ibi tí oníṣègùn ti lè lò ó. Ní ọdún 2003, Jan Henrik Ardenkjær-Larsen, Klaes Golman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Malmö lórílẹ̀-èdè Sweden tẹ ìwé kan jáde. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á po mọ́líkù tí wọ́n fẹ́ mọ́ èròjà kan tó ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó dá wà. Wọ́n á mú un tutù dé bíi -272 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nínú òòfà 3.35 tesla, wọ́n á sì máa tan ìgbì máíkírówéfù sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á da omi gbígbóná lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè yọ́ kí àmì rẹ̀ tó sá lọ. Àmì tí wọ́n rí ju ìlọ́po 10,000 ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mọ́líkù tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni pyruvate, nítorí pé oríta ló wà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti fọ́ ṣúgà tán, pyruvate ló ń kàn. Láti ibẹ̀, ó lè wọ ilé iná sẹ́ẹ̀lì kó di agbára, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ á fi jáde bíi bicarbonate. Ó lè di alanine, ó sì lè di lactate. Ní àwọn ọdún 1920, Otto Warburg ní Jámánì ti kíyè sí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fẹ́ràn ọ̀nà lactate, kódà nígbà tí ọ́síjìn bá wà. Ìgbì tí kábọ́ọ̀nù-13 fi ń fọhùn nínú pyruvate yàtọ̀ sí ti inú lactate, nítorí náà ẹ̀rọ lè ya wọ́n sọ́tọ̀, kó sì rí bí ọ̀kan ṣe ń di èkejì.

Ẹ fi wé àyẹ̀wò PET tó ń lo ṣúgà onítànṣán. PET lè sọ fún wa pé wọ́n gbé ẹrù wọnú ọjà. Kò lè sọ ohun tí wọ́n fi ẹrù náà ṣe nígbà tó dé ibẹ̀.

Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní Cambridge fi hàn lára eku tó ní jẹjẹrẹ pé bí pyruvate ṣe ń di lactate dín kù láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n fún eku náà ní oògùn. Ní ọdún 2013, àwọn ará San Francisco tẹ èsì àkọ́kọ́ lára ènìyàn jáde. Ọkùnrin 31 tó ní jẹjẹrẹ pírósítéètì ni wọ́n gún ní pyruvate náà. Kò pa wọ́n lára, àwòrán sì fi ibi tí jẹjẹrẹ wà hàn. Láti ìgbà náà wọ́n ti lò ó fún ọkàn, ọpọlọ, ọmú àti kíndìnrín. Síbẹ̀, ìdánwò ni ó ṣì jẹ́. Kò tíì di ohun tí dókítà kọ̀ọ̀kan lè kọ sínú ìwé fún aláìsàn.

Ẹ̀rọ tó ń pèsè pyruvate yìí fún ènìyàn ń fẹ́ òtútù hílíọ́ọ̀mù, òòfà alágbára, ìgbì máíkírówéfù àti yàrá tó mọ́ tónítóní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ MRI. Nǹkan bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gbà kí òògùn ẹnì kan tó jinná. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, mi ò ní bá olùkọ́ mi jiyàn.

Ọ̀nà kejì

Gáàsì háídírójìn tó wà nínú sìlíńdà jẹ́ oríṣi méjì tó dà pọ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ ortho, èkejì ń jẹ́ para. Nínú para, àwọn kóró méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra wọn lọ́nà tó fi jẹ́ pé àmì wọn parẹ́ pátápátá. Nínú yàrá lásán, mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ ortho, ọ̀kan ló jẹ́ para. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí gáàsì náà gba orí lúbúlúbú iron oxide kọjá nínú òtútù náítírójìn olómi, yóò di ìdajì sí ìdajì. Bí òtútù náà bá tún jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, gbogbo rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di para tán. Bí a bá sì gbé e kúrò lórí lúbúlúbú yẹn sínú ohun èlò tó mọ́, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó padà.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé a ti ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ nínú sìlíńdà, láìlo òòfà rárá. Ohun tó kù ni bí a ṣe máa gbé e fún mọ́líkù tí a fẹ́. Ní ọdún 1986, Bowers àti Weitekamp ní Caltech, ìlú Pasadena, ṣàlàyé bó ṣe lè ṣeé ṣe. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi hàn lójú, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pe ọ̀nà wọn. Ní ọdún 2009, Simon Duckett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀nà tó tún rọrùn jù jáde. Èròjà iridium kan á di parahydrogen mú lọ́wọ́ kan, á di mọ́líkù tí a fẹ́ mú lọ́wọ́ kejì fún ìgbà díẹ̀, ìtòlẹ́sẹẹsẹ á kọjá, á sì jọ̀wọ́ àwọn méjèèjì. Kò yí mọ́líkù náà padà. Ní ọdún 2015, Francesca Reineri, Silvio Aime àti ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Torino, Ítálì, rí ọ̀nà tí parahydrogen fi lè dé ara pyruvate. Ní 2019, àwọn ará York fi ọ̀nà tiwọn dé ibẹ̀ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá ni gbígbé ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà kọjá. Òòfà tí ọ̀nà York sì ń fẹ́ fún un kéré gan-an. Fún kábọ́ọ̀nù, kò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n òòfà ilẹ̀ ayé tí a dúró lé lórí yìí. Dípò kí ẹ wá owó òòfà, ohun tí ẹ máa wá ni irin tí ẹ ó fi bo ohun èlò yín kí òòfà ilẹ̀ má bàa wọ ibẹ̀.

Ibi tí èrò mi wà

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìṣirò wa. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ MRI tó wà ní Nàìjíríà ni òòfà wọn kò tó 0.5 tesla. Nínú òòfà 0.3 tesla, àṣẹ́kù kábọ́ọ̀nù-13 jẹ́ ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù mẹ́rin. Kò sí ohun tí ènìyàn lè fi èyí ṣe. Ṣùgbọ́n ká ní a fi parahydrogen to 2 péré nínú 100. Ìyẹn jẹ́ 20,000 nínú mílíọ̀nù kan, ìlọ́po 80,000 ohun tí òòfà yẹn lè fún wa. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé 20,000 yẹn kò yí padà nítorí pé òòfà kéré. Bí a bá gbé mọ́líkù náà sínú 3 tesla tàbí sínú 0.3, iye tí a ti tò náà ló máa wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ tí MRI ti dé, òòfà ló ń dá àmì sílẹ̀, òun náà ló sì ń jẹ́ ká kà á. Nítorí náà, ẹni tó ní òòfà ńlá ló ní àwòrán tó mọ́. Nínú iṣẹ́ tuntun yìí, kẹ́mísìrì ló ń dá àmì sílẹ̀. Òòfà kàn ń jẹ́ ká kà á ni. Èyí ni mo rí tí inú mi fi dùn, òun náà ló sì ń dùn mí pé a ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnì kan bá dárúkọ rẹ̀.

Àwọn tí kò ní gbà

Àwọn kan á ní mo ti sọ ọ́ di ohun tó rọrùn jù. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ jẹ́ kí n to àwọn ìṣòro náà fúnra mi.

Àkọ́kọ́, àmì náà kì í dúró. Bí yìnyín tí a gbé sínú oòrùn ni pyruvate rí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ohun tó kù kò tó ìdá méjì nínú márùn-ún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tí wọ́n bá ti pèsè rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ lò ó.

Èkejì, iridium àti rhodium kì í ṣe ohun tó yẹ kó wọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ wọ́n kúrò kí àmì tó sá, kí wọ́n sì yẹ òògùn náà wò pé kòkòrò kankan kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣiṣẹ́ lé èyí lórí gidigidi. Mi ò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan lọ gún ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ MRI tó wà nílé ìwòsàn kò gbọ́ èdè kábọ́ọ̀nù. Háídírójìn nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Nínú òòfà 0.3 tesla, háídírójìn ń fọhùn ní 12.8 MHz, kábọ́ọ̀nù-13 ní 3.2 MHz. Wáyà míì ni ẹ ó ká, ẹ ó sì tún wá amúohùngbilẹ̀ míì. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àlàfo tó wà láàárín pyruvate àti lactate, tó jẹ́ nǹkan bíi 385 Hz nínú 3 tesla, máa di 38 Hz péré. Bí òòfà náà kò bá rí bákan náà yíká, wọ́n á wọnú ara wọn.

Ẹ̀kẹrin, háídírójìn ń gbiná. Ẹni tí kò bá ní fèrèsé tó ṣí dáadáa àti ẹni tó mọ̀ nípa gáàsì, kó má dán an wò.

Àwọn kan tún lè ní deuterium sàn jù. Ní 2018, àwọn ará Yale fi hàn pé ènìyàn lè mu ṣúgà tó ní deuterium, kí wọ́n sì rí ohun tí ọpọlọ sọ ọ́ dà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń sáré pẹ̀lú aago. Ọ̀nà tó dára ni. Ṣùgbọ́n òòfà 4 tesla ni wọ́n fi ya ènìyàn, a sì ti padà síbi tí òòfà ńlá ti ń jọba.

Èyí tó wúwo jù ni èyí tí ìyá mi sọ nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò rí owó MRI lásán san, kí ló kàn án nínú èyí?" Mi ò lè dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìdáhùn tí mo ní báyìí ni pé mi ò bẹ ilé ìwòsàn kankan pé kó ra nǹkan kan. Ẹ̀ka wa ni mo ń bẹ̀ pé kó kọ́ nǹkan. Ẹ̀rọ lè dé lọ́dún kan, kó bàjẹ́ lọ́dún kejì, kí eruku sì bò ó nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ inú rẹ̀. Ìmọ̀ kì í fẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ọkùnrin adúláwọ̀ wà lára àwọn tí jẹjẹrẹ pírósítéètì ń bá fínra jù lọ lágbàáyé. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni láàárín wa tó mọ iṣẹ́ yìí, ta ló máa jókòó síbi tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tí wọ́n máa dán an wò lára rẹ̀, kó sì bi wọ́n léèrè pé àwọn bàbá wa ńkọ́?

Ohun tí a lè ṣe láti sáà tó ń bọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, pírójẹ́ẹ̀tì mẹ́ta rèé tí kò fẹ́ ẹ̀rọ MRI rárá.

Èkíní, ẹ ṣe parahydrogen, kí ẹ sì wọn ìwọ̀n rẹ̀. Páìpù kọ́pà kékeré tí ẹ ká, lúbúlúbú iron oxide nínú rẹ̀, àti fúláàsì náítírójìn olómi. Àwọn ilé ìwòsàn tó ń ran tọkọtaya lọ́wọ́ láti bímọ ń fi náítírójìn olómi tọ́jú ẹyin àti àtọ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a kò rí rí nílẹ̀ yìí. Para àti ortho kì í gbé ooru bákan náà, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbóná sì lè fi ìyàtọ̀ náà hàn. Bẹ́ẹ̀ ni Bonhoeffer àti Harteck ṣe wọ̀n ọ́n ní Berlin ní 1929. Ohun tí wọ́n fi wáyà ṣe ní 1929, kò yẹ kó ṣòro fún wa lónìí. Ìdajì para tí náítírójìn olómi máa fún wa máa mú ìdá kan nínú mẹ́ta àmì tí para pátápátá lè mú wá. Ìyẹn tó láti bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Bí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ṣe ń kọjá láti ara kóró méjì sí ìkẹta kò ju mátíríìsì mẹ́jọ sí mẹ́jọ lọ. Láàpútọ́ọ̀pù tí ẹ fi ń wo fíìmù lè ṣe é.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbọ́ ohùn omi nínú òòfà ilẹ̀. Ní apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, òòfà ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ìdá 33 nínú mílíọ̀nù tesla kan. Níbẹ̀, háídírójìn inú omi ń fọhùn ní nǹkan bíi 1,400 Hz. Ìyẹn wà láàárín ohun tí etí ń gbọ́, ihò tí ẹ ń ki gbohùngbohùn bọ̀ lára láàpútọ́ọ̀pù sì lè gbà á. Wáyà kọ́pà tí ẹ ká mọ́ ike omi ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ariwo iná mànàmáná máa dà yín láàmú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bọ́ nínú ariwo yẹn ti kọ́ ohun tó máa fi ká wáyà kábọ́ọ̀nù lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ̀ka Físíìsì àti ẹ̀ka Kẹ́mísìrì jọ gba akẹ́kọ̀ọ́ lórí iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹ̀ka kan tó lè dá a ṣe. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló wà láàárín wa, a sì ń ṣe bí ẹni pé odò ni.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jáde, mo mọ̀ pé owó ni ẹ rò pé a fẹ́ tọrọ. Kì í ṣe owó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní láàbù ní Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, tí ẹ ń lo NMR lójoojúmọ́, ẹ fún wa ní wákàtí kan lóṣù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ wà níléeṣẹ́ epo àti gáàsì, ẹ wá kọ́ wa bí a ṣe ń ṣí sìlíńdà láìsí ewu. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ MRI ṣe nílé ìwòsàn, ẹ jẹ́ ká wo inú ọ̀kan tó ti bàjẹ́. Òòfà onírin tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré kì í kú nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kú.

Bàbá Ìbàdàn ṣì wà pẹ̀lú wa. PSA wọn wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ 300 level kan wá bá mi pé òun gbọ́ nípa àkọlé tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ó sì béèrè bóyá mo ṣì ní àwọn ìwé tí mo kà nígbà náà. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ fún un pé bí wọ́n bá bi í léèrè ẹni tó máa ra ẹ̀rọ, kó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Sà, apá tí mo fẹ́ ṣe kò fẹ́ ẹ̀rọ. Náítírójìn olómi ni mo fẹ́."